Ààlè Tí Wọ́n Já Lára Efinrin

Wọ́n wọ agbo ilé wa láìkágò, wọ́n já ààlè tí mo fi sí ọgbà òdòdó mi, wọ́n fín májèlé sí i, wọ́n lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì mu nínú rẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, n kò fi iyọ̀ sí i. Ó di ọjọ́ mọ́kànlá lónìí. Gbogbo ẹni tí mo lọ bá lórí ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ pé kí n fara balẹ̀, pé òdòdó lásán ni. Èmi kò jà nítorí òdòdó. Irú èyí tí mo gbìn, bí a bá gé e mọ́lẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ á tún rú. Ẹni tí ọkàn mi kò balẹ̀ lórí rẹ̀ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn mi bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ó ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ìgbàkígbà tó bá wúkọ́, bírò mi á dúró.

Agbo ilé wa wà ní Bẹyẹrunka, níbi tí òrùlé páànù ilé kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko ti èkejì, tí ẹni tó ń ti Ọjà'ba bọ̀ sì máa ń gba àárín ilé onílé gé ọ̀nà kúrú. A kò mọ odi, a kò ní géètì. Ẹni tó ń kọjá á kágò, á ní, "Ẹ kú ìjókòó o, ará ilé," àwa náà á dá a lóhùn, á máa bá tirẹ̀ lọ. Àgò yẹn ni géètì wa. Láti kékeré mi, n kò mọ ohun tó ń wọ ibẹ̀ láìkágò àfi olè àti ewúrẹ́.

Ní ìpẹ̀kun agbo ilé náà ni àlàpà kan wà. Yàrá mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀, bàbá bàbá mi ló fi amọ̀ mọ ọ́, òjò ló wó o. Kò sí ẹni tó lè tún un kọ́, nítorí àwọn tó jogún rẹ̀ kọjá ogójì, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí ohun kan rí. Ilẹ̀ la ń dà síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló kọ́kọ́ gbin nǹkan sí i. Elégédé ló gbìn.

Ọdọọdún ni elégédé náà ń fà gun ògiri tó wó. Á tanná, òdòdó rẹ̀ á là gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ láàárọ̀, á sì rọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Èso tó bá yọ kì í ju àtàǹpàkò lọ kó tó rà. Ìyá Àgbà ní ayé ló ń wo elégédé òun. Èmi tí mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ewéko ní yunifásítì mọ̀ pé kì í ṣe ayé. Oyin ni kò sí. Gbogbo wa ti fi sìmẹ́ǹtì bo àgbàlá wa. Láti ẹnu ọ̀nà wa títí dé ẹsẹ̀ òkè Mápó, ènìyàn lè rìn kó má fojú kan òdòdó kan. Kí ni oyin fẹ́ wá jẹ níbẹ̀?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo mú ìyẹ́ adìyẹ, mo fi kó ìyẹ̀fun inú òdòdó akọ, mo fi kan ojú òdòdó abo. Ìyá Àgbà dúró tì mí, ó káwọ́ lẹ́yìn. Kò pẹ́ kò jìnnà, elégédé kan tó tó orí ọmọdé jókòó sórí ògiri. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí! Iṣẹ́ alárinà ni wọ́n kọ́ ẹ ní yunifásítì?"

"Ẹ̀yin náà ẹ rí i pé wọ́n fẹ́ra."

"Wọ́n fẹ́ra, wọ́n sì bímọ. Ṣùgbọ́n ṣé gbogbo àárọ̀ ni wàá máa wá bá wọn rojọ́ ìfẹ́ kí o tó lọ síbi iṣẹ́?"

Òótọ́ ló sọ. Olùkọ́ ni mí ní Òkè-Àdó, aago méje kì í bá mi nílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu pé oyin fúnra wọn ló yẹ kó wá ṣe iṣẹ́ wọn. Mo kó ilẹ̀ kúrò ní àlàpà, ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ Sátidé. Mo wá ṣa àwọn nǹkan tí a ń gbìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí kì í kú mọ́, tí kì í bẹ ẹnikẹ́ni fún omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo gé igi jogbo lẹ́bàá títì, olódòdó aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo ènìyàn ń pè ní koríko, mo rì í mọ́lẹ̀, ó hù. Mo gbin ewúro, mo jẹ́ kó dàgbà kó fi tanná funfun. Mo gbin làálì, nítorí òórùn òdòdó rẹ̀ àti nítorí ọwọ́ Ìyá Àgbà. Mo gbin tanná-poṣó, tó máa ń la ojú ní ìrọ̀lẹ́, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń sùn sínú ilẹ̀ bí iṣu, tí òjò bá ti kán á tún jí. Láàárín gbogbo wọn, efinrin ló pọ̀ jù. Bí ẹ bá jẹ́ kí efinrin tanná, oyin kò ní lọ sílé mọ́.

Ọdún kejì ni wọ́n dé. Oyin kọ́kọ́ dé, labalábá tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kòkòrò dúdú ńlá kan tó ń kùn bí ọ̀kadà dé. Ìyá Àgbà máa ń gbé àpótí rẹ̀ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun aásáàrì, á jókòó, á máa wò wọ́n. Elégédé kò rà mọ́. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó ti yàgàn lẹ́yìn ilé ìdáná so lọ́dún náà tí a fi ń bù ú fún aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n efinrin ní wàhálà kan. Ta ló ń fi efinrin sílẹ̀ kó tanná? Gbogbo ènìyàn ló ń já a. Ẹni tó fẹ́ sebẹ̀ á já a, ẹni tí inú ń run á já a, ẹni tó ń kọjá lásán á já a gbọ́ òórùn. Mo bá pààlè sí i. Mo so àkísà pupa kan, ìkarahun ìgbín kan àti ṣùkù àgbàdo mọ́ okùn, mo ta okùn náà láti orí igi kan sí èkejì níwájú efinrin. Ohun tí bàbá mi ń ṣe lóko rẹ̀ ni mo ṣe. Kò sí ohun mìíràn lára rẹ̀.

Èmi àti Ìyá Àgbà jọ ṣe àdéhùn. Bí ààlè bá wà níbẹ̀, òdòdó ń bẹ lórí, oyin ló ni ín, èmi ni n ó máa rọra já ìwọ̀nba tí ó bá fẹ́ fún un. Bí mo bá já ààlè kúrò, òdòdó ti gbẹ, ó ti di tirẹ̀, kó já a bó ṣe wù ú. Ọdún mẹ́rin la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Obìnrin tí wọ́n bí bàbá mi lé lọ́wọ́, tó lè pàṣẹ fún mi kí n dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, kò na ọwọ́ kọjá okùn náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí.

Èmi náà ni mo sọ fún un, mo sì gbọ́dọ̀ kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé mo ní kí n má fi ohunkóhun pamọ́: "Ìyá Àgbà, ẹ má ra ewé ní Ọjà'ba mọ́. Ẹ kò mọ oògùn tí wọ́n fín sí i. Tiwa kò ní oògùn nínú. Bí ẹ bá ti ṣan án lẹ́ẹ̀kan, ó tó." Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́.

Aya ilé kan wà ní agbo ilé wa tó ń ta sobo níwájú ilé. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà nígbà tí wọ́n gbé e wọlé, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní ọkọ mi títí dòní, tí èmi náà ń pè é ní Ìyàwó wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jù mí lọ dáadáa. Sobo dùn, ṣúgà wà nínú rẹ̀, oyin sì mọ ohun tó dára.

"Ọkọ mi, àwọn ọmọ yín tún dé o! Wọ́n ń mu sobo mi, wọn kò sanwó."

"Ìyàwó wa, ẹ fi nǹkan bò ó."

"Kí n fi bò ó kí oníbàárà wá rò pé òkú ló wà nínú rẹ̀? Yunifásítì yín kò kọ́ oyin bí wọ́n ṣe ń tòrò nǹkan?"

A máa ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, oyin ta á létè. Ètè náà wú, àwọn oníbàárà fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Ìyàwó ń fẹnu fọn fèrè. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo fún un ní àdín kó fi pa á, mo ní n ó gé apá efinrin tó kọjú sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní kò burú. Ó burú, n kò mọ̀ ni. Ó ti lọ bá alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìmọ́tótó àdúgbò wa, ó sọ ti oyin fún un, ó sì sọ pé àkísà pupa kan wà níbẹ̀ tí ojú òun kò gbà.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá. Èmi wà ní Òkè-Àdó. Ìyá Àgbà wà ní mọ́ṣáláṣí, ó lọ kírun àílà. Ẹni tó rí wọn ni Ìyàwó wa, òun ló sì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi, kì í ṣe pé mo fi ọkàn ro ó. Ọkùnrin kan gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn. Ó wọ bùùtù rọ́bà, ó fi aṣọ di imú àti ẹnu, ó wọ ìbọ̀wọ́. Alága dúró lókèèrè. Wọn kò kágò. Alága ní kó kọ́kọ́ yọ "nǹkan yẹn" kúrò, ọkùnrin náà sì fi igi ká okùn ààlè mi, ó jù ú sẹ́yìn ògiri. Ó wá fín gbogbo rẹ̀, láti orí jogbo dé ìdí làálì. Kò gbà wọ́n ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó. Wọ́n bẹ̀rù àkísà, wọn kò bẹ̀rù ohun tó wà nínú ike. Ẹni tó ń fín in di imú ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé nǹkan tó ń ṣeni ni. Ẹni tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣeni tó dà á sí àgbàlá onílé, kí ló yẹ kó fi sílẹ̀ níbẹ̀? Ààlè ni! Dípò kó fi tirẹ̀ lé e, tèmi tó bá níbẹ̀ ló já.

Aago mẹ́rin kò tíì lù nígbà tí mo dé. Òórùn kan ló kọ́kọ́ pàdé mi ní ẹnu ọ̀nà, òórùn líle bíi ti kẹ̀rosíìnì tó ti bàjẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, mo kíyè sí i pé n kò gbọ́ ohunkóhun. Ọdún mélòó ni mo ti ń gbọ́ kíkùn àwọn oyin yẹn bí mo bá ń wọlé, n kò mọ̀ pé mo ń gbọ́ ọ títí ó fi dákẹ́. Mo yára dé àlàpà. Òdòdó wà lórí igi, ewé tutù yọ̀yọ̀, kò sí ohun tó rọ níbẹ̀. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í fi ara rẹ̀ hàn lọ́jọ́ kan náà. Ilẹ̀ ni mo wò. Oyin wà nílẹ̀ káàkiri, àwọn kan ti kú, àwọn kan ń yí lójú kan náà bí ẹni tó ń wá nǹkan. Mo wá ààlè, n kò rí i. Ìkarahun ìgbín rẹ̀ ni mo tẹ̀, ó fọ́ lábẹ́ bàtà mi.

Ìgbà yẹn ni ohùn Ìyá Àgbà dé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O káàbọ̀ o. Mo rí i pé o ti yọ ààlè. O ṣeun, ọmọ mi. Inú tó ń run mí láti àárọ̀ ti ń rọlẹ̀."

Mo yíjú. Abọ́ kékeré wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, pàǹtí efinrin tí ó ti fún omi rẹ̀ tán wà nínú rẹ̀. Ife wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nílé wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ó ṣe é: ó fi ọwọ́ gbo ewé náà ní tútù, ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó ní bísímílà, ó mu ún.

"Ìyá Àgbà, ife mélòó lẹ mu?"

"Ife kan péré. Kí ló dé? Kí ló ṣe ojú ẹ?"

"Ṣé ẹ ṣan án?"

"Mo ṣan án lẹ́ẹ̀kan bí o ṣe wí. Ó ti tutù tẹ́lẹ̀. Mo rò pé o wọ́n omi sí i kí o tó jáde ni."

N kò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gba ife náà. N kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Mo kàn ń sọ pé, "Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ, ẹ dìde." Ó ń bèèrè pé ibo, ó ní òun kò tíì wé gèlè. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa láti Bẹẹrẹ lọ sí ilé ìwòsàn, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, làálì wà ní ìka rẹ̀, mo sì ń wo èékánná rẹ̀ bóyá ó ń yí àwọ̀ padà.

Dókítà tó gbà wá níbẹ̀ kò ju ọmọ tí mo lè kọ́ ní kíláàsì lọ, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè kan ló ń bi mí, ó bi mí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta: "Oògùn wo ni, mà?" Mo ní n kò mọ̀. Ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní irú kan wà tí ènìyàn á mu, á bì, inú á run ún fún ọjọ́ bíi méjì, á sì kọjá. Irú kejì wà tí ẹni tó mu ún á dìde, á jẹun, á máa ṣàwàdà, tí gbogbo ènìyàn á máa dúpẹ́, nígbà tí nǹkan náà ti ń ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́, tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ le bí awọ. Ìyẹn lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó fi ojú hàn. Ìtọ́jú wọn kò jọra. Ó ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tiẹ̀ wà tí wọ́n máa ń yára fún aláìsàn bí èémí bá ń ṣòro, tó jẹ́ pé lára ẹni tó bá mu irú kejì, ṣe ló máa ń dá kún un. "Mà, ẹ bá mi mú ike rẹ̀ wá. Ìwé tó wà lára rẹ̀ ni mo fẹ́ kà."

Wọ́n fún Ìyá Àgbà ní èédú lílọ̀ pò mọ́ omi. Ó wò ó, ó wo nọ́ọ̀sì.

"Èédú? Ṣé mo ti di ààrò ni?"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì sá jáde síta.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wà ní ẹnu ọ̀nà alága kí ó tó wẹ̀.

"Màdáámù, ẹ fara balẹ̀. Oògùn koríko lásán ni. Kì í ṣe ènìyàn nǹkan."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Wọ́n ti dán an wò. Wọ́n ní kò lè pa ènìyàn."

"Ta ni wọ́n? Kí ni orúkọ oògùn náà, sà?"

"Ẹni tó fín in ló mọ̀. Èmi kò fọwọ́ kàn án." Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà, Màdáámù, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, kí lẹ fi àkísà pupa ṣe lára koríko?"

Mo wá ọkùnrin tó fín in lọ sí Oríta-mẹ́rin, níbi tó ti máa ń dúró de ẹni tó bá ní iṣẹ́. Kò sá fún mi, mo gbà fún un. Ó yọ fìlà. Ó ní inú kẹ́ẹ̀gì ni alága ti bù ú fún òun, kò sí ìwé kankan lára kẹ́ẹ̀gì náà. Ó ní, "Mà, ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ojú ń ta mí láti Ọjọ́bọ̀ yẹn." Mo padà sọ́dọ̀ alága, ó ní irọ́ ni, ẹni tó ń fín in ló ra á. Mo lọ bá mọ́gàjí wa, olórí agbo ilé. Mọ́gàjí ní ọ̀rọ̀ agbo ilé ni, kí n má gbé e jáde, pé ṣebí ìyá ń jókòó, ṣebí ó ń jẹun.

Ó ń jókòó. Ó ń jẹun. Ohun tí dókítà ní ó máa ṣe gan-an nìyẹn! Wọ́n dá wa padà sílé lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ní kí a máa mú un wá kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí n sì máa ṣọ́ èémí rẹ̀. Láti ìgbà náà, mo ti di ẹni tó ń ka èémí. Bó bá sùn lọ́sàn-án, mo máa ń jókòó tì í, mo máa ń wo àyà rẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ sílẹ̀, tó bá pẹ́ díẹ̀ kó tó tún gbéra, ọwọ́ mi á ti dé èjìká rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, egbò yọ sí i lẹ́nu, ó ní ata ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, ewé efinrin dúdú bí ẹni fi iná rà á, jogbo forí kọ́. Mo dúró níwájú wọn, mo ń ronú pé ohun tó wọ inú gbòǹgbò yìí ló wọ inú rẹ̀. Ní ọjọ́ keje, ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ni, wọ́n ní. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọyẹ́. Gbogbo wa là ń wúkọ́ lásìkò yìí. Báwo ni n ó ṣe mọ ikọ́ tó jẹ́ ti ọyẹ́?

Ọjọ́ kẹjọ ni Ìyá Àgbà pè mí. Ó ti pa tẹ̀sùbáà tì.

"Wá, jókòó. Ààlè tí o so yẹn, ṣé o fi nǹkan sí i?"

"Nǹkan wo, Ìyá Àgbà?"

"Mo ní kí n bi ẹ́ ni. Nítorí n kò já a o. Nígbà tí mo dé láti mọ́ṣáláṣí, kò sí níbẹ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, n kò ní fọwọ́ kàn án. Ọdún mẹ́rin, n kò fọwọ́ kàn án. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ààlè ló mú mi, pé mo jí efinrin ọmọ mi já lọ́jọ́ ogbó."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù láti ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn. Kì í ṣe ikú. Orúkọ rẹ̀ ló ń bẹ̀rù fún. Ohun tí n kò tíì lè sọ fún un láti ọjọ́ ilé ìwòsàn ni mo wá sọ: pé wọ́n fín oògùn sí i, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ní àkísà lásán ni mo so síbẹ̀. Ó mi orí.

"Kò sí ààlè tó jẹ́ àkísà lásán. Ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó já a ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ, tó fi sọ tirẹ̀ fún mi." Ó na ọwọ́ mú tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Mo sì gbọ́ ọ, mo rò pé ìwọ ni."

Ní àná, Ìyàwó wa wá. Kò ta sobo láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó kúnlẹ̀ ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jẹ́ kí n gbé e dìde.

"Ọkọ mi, oyin ni mo ní kí wọ́n lé. N kò ní kí wọ́n pa ìyá mi."

Inú bí mi sí i, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Lẹ́yìn tó sunkún tán, ó sọ ohun tí kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n tó wọ agbo ilé wa lọ́jọ́ náà, òun ń kọjá níwájú sítọ́ọ̀ ìgbìmọ̀ náà, òun rí alága tó ń da nǹkan sínú kẹ́ẹ̀gì. Ìgò méjì ni. Nǹkan inú ọ̀kan dà bí omi tí a fi aró sí. Ìwé wà lára ìgò méjèèjì, òun kò lè kà á. Alága dá àwọn ìgò náà padà sínú sítọ́ọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, ìwé tí dókítà fẹ́ kà wà. Kò jìn ju ilé wa sí Ọjà'ba lọ. Mo lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná kan náà, mo bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn. Alága ní akọ̀wé ló mú kọ́kọ́rọ́. Akọ̀wé ní alága ni. Láàárọ̀ yìí, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà náà nìyí.

Mo ń bi alága, mo ń bi akọ̀wé, mo ń bi gbogbo ẹni tó jókòó nínú ìgbìmọ̀ yẹn: ta ló fún yín láṣẹ láti wọ ilé wa láìkágò? Ta ló ní kí a da oògùn méjì pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì kan? Nígbà tí ẹ já ààlè mi, kí ló dé tí ẹ kò fi so nǹkan kan dípò rẹ̀, bó jẹ́ àkísà, bó jẹ́ ọ̀rá, bó jẹ́ kí ẹ kàn dúró kí ẹ sọ fún ìyá arúgbó kan tó ń bọ̀ láti mọ́ṣáláṣí? Mọ́gàjí wa, ẹ̀yin náà ẹ dáhùn: ẹni tí ọ̀rọ̀ bá ti kan èémí rẹ̀, ṣé ọ̀rọ̀ agbo ilé ṣì ni?

Ẹ lè pẹ́ kí ẹ tó dáhùn àwọn wọ̀nyẹn. Èyí tó kù kò lè dúró. Ìyá Àgbà tún ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ojú ewé yìí, dókítà sì ń dúró. Ẹ ṣí sítọ́ọ̀ yẹn lónìí. Kí ni wọ́n kọ sára ìgò méjèèjì?